Àwọn Tí Wọ́n Pàtẹ ní Wembley

Ẹ̀yin àgbà wa tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀, òun ni "pàtẹ". Ẹni tó bá ti bá ìyá ọlọ́jà jókòó rí mọ̀ pé iṣẹ́ ọpọlọ ni. Tòmátò tó pọ́n, tí ara rẹ̀ ń dán, ni yóò lékè. Èyí tó ti ń rà yóò wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú oníbàárà kò ti ní tètè dé. Ẹni tó pàtẹ ló mọ ìdí tó fi tò ó bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí a kì í sábà rò: ohun tí ènìyàn bá gbé sórí àtẹ, títà ló fẹ́ tà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìpàtẹ kan báyìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nínú èyí tí wọ́n pàtẹ èkùrọ́, tí wọ́n pàtẹ kòkó, tí wọ́n sì pàtẹ ènìyàn mọ́ ọn.

Orúkọ Wembley kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ kò sì tíì gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2017, nígbà tí Anthony Joshua, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣàgámù, na Wladimir Klitschko níbẹ̀ níwájú nǹkan bí 90,000 ènìyàn. Pápá ìṣeré tuntun nìyẹn. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wó kí wọ́n tó kọ́ tuntun, ọjà ló bí i. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ pàtẹ gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1924, ó sì nílò ojúde ńlá tí ọba yóò ti sọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọ ogun yóò ti yan. Ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ, owó rẹ̀ tó £750,000, wọ́n sì fi àṣekágbá ife FA ṣí i ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1923. Èrò ya wọ orí pápá lọ́jọ́ náà débi pé ọlọ́pàá kan tó gun ẹṣin funfun ló ń rọra tì wọ́n sẹ́yìn kí Bolton Wanderers àti West Ham tó ráàyè gbá bọ́ọ̀lù wọn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń náwó báyìí lẹ́yìn ogun? Ogun náà gan-an ló fà á. Nígbà tí iléeṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rọ ọta ìbọn, tí ọkọ̀ òkun wọn ń kó ọmọ ogun, Amẹ́ríkà àti Japan ti wọlé gba ọ̀pọ̀ oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1921, àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe ní ilẹ̀ náà fi ìgbà kan kọjá mílíọ̀nù méjì. Lord Strathcona ti dá àbá irú ìpàtẹ yìí lọ́dún 1913, ogun sì gbé e tì. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tún gbé e dìde, tí wọ́n fi Àrẹ̀mọ ọba ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ìṣirò wọn rọrùn. Bí ará London bá ń jẹ ẹran New Zealand, tó ń mu tíì Ceylon, tó sì ń fi ọṣẹ tí wọ́n fi epo Nàìjíríà ṣe wẹ̀, tí àwọn ará ilẹ̀ wọ̀nyẹn náà bá ń ra páànù, ẹ̀rọ àti aṣọ Manchester, owó kò ní jáde kúrò nínú agboolé. Agboolé ni wọ́n sì pè é lóòótọ́: nínú ìkéde tí wọ́n fi ṣàlàyé èrèdí ìpàtẹ náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá, àwọn ilẹ̀ yòókù ni arábìnrin àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ní agboolé tiwa, ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ìyá máa ń fún ọmọ lóúnjẹ kó tó béèrè ohun tí ọmọ mú ti oko bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ní Èkó pẹ̀lú, ọjà ti dojú rú. Owó epo, èkùrọ́ àti kòkó, tó gbéra sókè ní kété tí ogun parí, já wálẹ̀ lójijì láàrin ọdún 1920 sí 1921, ọ̀pọ̀ oníṣòwò aláwọ̀ dúdú tó ti fi àwìn kó ọjà sílé sì wọ gbèsè tí wọn kò jáde nínú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ nígbà náà pé wọ́n fẹ́ pàtẹ ọjà Nàìjíríà fún gbogbo ayé rí, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1924 ni Ọba George Karùn-ún ṣí ìpàtẹ náà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí rédíò, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ohùn ọba Gẹ̀ẹ́sì yóò gba orí afẹ́fẹ́ dé etí àwọn ará ìlú. Lẹ́yìn èyí ni ọba tẹ wáyà. Wáyà náà gba okùn abẹ́ òkun, ó ń ti ilẹ̀ kan tó wà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí òmíràn, ó yí gbogbo ayé po, kò sì ju ìṣẹ́jú kan àti ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ tí wọ́n fi gbé e padà wá fún ọba fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn wáyà yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó kọ ọ́ náà ló gbà á. Ọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀yìnkùlé gbogbo ayé kọjá, kò sì sí ẹnì kan tí wọ́n retí pé kó fèsì.

Ọgbà náà fẹ̀ ju igba éékà lọ, owó ìwọlé àgbàlagbà sì jẹ́ ṣílè kan àti sísì. Nínú ilẹ̀ 58 tó para pọ̀ di ìjọba náà, 56 ló wá. Kankéré ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ńláńlá rẹ̀: Ààfin Ẹ̀rọ, tí kò sí ilé kankéré tó tóbi tó o ní gbogbo ayé nígbà náà, àti Ààfin Iléeṣẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kan ń rìn nínú ọgbà náà tí kì í dúró rárá, àfi kó dẹ ìrìn bó bá dé ibùdókọ̀ kí èrò lè fò wọlé. Canada fi bọ́tà gbẹ́ ère Àrẹ̀mọ ọba, wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúǹkantutù ṣọ́ ọ kó má baà yọ́. Wọ́n tún ṣe àwòṣe ibojì Tutankhamun sí apá ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, nítorí pé kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n rí ojúlówó rẹ̀ ní Íjíbítì, gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo lè máa ka irú nǹkan báyìí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ jẹ́ kí a kọjá lọ sí àdúgbò wa.

Odi gìrìwò kan tó ní àwọ̀ amọ̀ ni wọ́n mọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nàìjíríà, Gold Coast àti Sierra Leone wà nínú rẹ̀, ìlú olódi ti òkè ọya, irú Kano àti Zaria, ni wọ́n sì wò kọ́ ọ. Mi ò ní sọ pé odi náà kò rẹwà. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mọlémọlé Hausa tó ohun tí ayé ń wò. Ohun tó kọ mí lóminú ni pé odi kan ṣoṣo ló dúró fún gbogbo wa, àti ará Èkó, àti ará Calabar, àti ará Freetown. Nínú odi náà ni àwọn ahunṣọ, àwọn oníṣẹ́ awọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn jókòó sí, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójú èrò. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Ìwé ìròyìn London kan to iye "àwọn ẹ̀yà tó ń gbé inú ọgbà" lẹ́sẹẹsẹ: ará Malaya 20, ará Burma 30, ará China láti Hong Kong 160, ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà 60, ará Palestine 3. Báyìí ni a ṣe ń ka páálí ọjà nígbà tí ọdún bá parí.

Kò sí ẹni tó fẹ́ ra ọgọ́ta ènìyàn wọ̀nyẹn. Ayé ẹrú ti kọjá. Síbẹ̀ orí àtẹ ni wọ́n wà. Ohun tí wọ́n ń tà lára wọn ni ìdánilójú, kí ará London tó ń sanwó orí lè fojú ara rẹ̀ rí àwọn tí wọ́n ní ìjọba òun ń là lójú, kó sì lọ sílé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn pé owó náà kò ṣòfò.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ èkùrọ́ díẹ̀, nítorí pé òun àti epo pupa wà lára ọjà tí Nàìjíríà fi lórúkọ jù lọ nígbà náà. Ìyá bàbá mi pa èkùrọ́ títí ó fi darúgbó. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀, òmíràn wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Yóò fi ìka méjì di ẹyọ kan mú sórí òkúta, yóò kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, èésan yóò fò sápá kan, ọmọ inú rẹ̀ yóò bọ́ sínú igbá. Ẹyọ kan, ẹyọ kan. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ ti le bí ìsàlẹ̀ bàtà. Kí kóńgò kan tó kún, òòrùn ti yẹ̀ lórí. Ẹni tó bá rí èkùrọ́ nínú ìgò gílásì níbi ìpàtẹ kò lè rí àtàǹpàkò yẹn, kò sì sí bí ìgò ṣe lè fi hàn án.

Ohun mìíràn tún wà tí ìgò kò lè sọ. Ṣáájú ogun ọdún 1914, Hamburg ni èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ Nàìjíríà ń lọ, nítorí pé àwọn ará Jámánì ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún àdín inú rẹ̀, màlúù wọn ló sì ń jẹ èérí rẹ̀. Ogun ló jẹ́ kí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ̀rọ tiwọn. Lẹ́yìn ogun, wọ́n bu owó ibodè lé èkùrọ́ tó bá fẹ́ gba ibòmíràn lọ, kí ó má baà tún bọ́ sọ́wọ́ Hamburg, ọdún 1922 ni wọ́n sì tó mú un kúrò. Ẹ ronú sí i: nígbà tí oníbàárà méjì bá ń du ọjà, olọ́jà ló ń jèrè, ẹni tó bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ oníbàárà kan, àpò olọ́jà ló fọwọ́ bọ̀. Lọ́dún 1920, William Lever tó ń ṣe ọṣẹ ra Niger Company ní iye tó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn lọ, nígbà tó sì di ọdún 1923, iléeṣẹ́ rẹ̀ ti dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Èkó. Òtítọ́ ni pé ìyẹn mú iṣẹ́ ọṣẹ dé Àpápá, mi ò sì ní fi í pamọ́ kí ìtàn mi lè dùn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń fi àdín àti eérú se ọṣẹ dúdú ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń sè é kí Lever tó dáyé, iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe "iléeṣẹ́" lójú àwọn tó kọ́ Ààfin Iléeṣẹ́. Ní Wembley, ojú lè rí èkùrọ́, ojú lè rí ọṣẹ. Àlàfo tó wà láàrin owó tí wọ́n fi ra ti àkọ́kọ́ àti owó tí wọ́n fi ta èkejì nìkan ni kò sí lórí àtẹ.

Irú ìlú wo wá ni Èkó nígbà náà? Iná mànàmáná ti tàn níbẹ̀ láti òpin ọ̀rúndún tó ṣáájú. Afárá Carter ti dúró, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń ná Ìbàdàn, láti ọdún 1901. Ìwé Ìròyìn ti jáde ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1859 sí 1867. Lọ́dún 1922 ìwé ìròyìn Eko Akete bẹ̀rẹ̀, Eleti-Ofe tẹ̀ lé e lọ́dún 1923, gbólóhùn wọn sì mú bí abẹ. Ọdún 1923 yìí kan náà ni wọ́n dìbò ní Èkó, tí ẹgbẹ́ Herbert Macaulay gba gbogbo ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìlú náà ní nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bẹ́ẹ̀ ni Sapara Williams ti ṣe lọ́yà títí tó fi kú lọ́dún 1915. Ìlú tó ń dìbò, tó ń tẹ ìwé ìròyìn, tó ń pe ìjọba lẹ́jọ́ títí dé London, tó sì ń jàre nígbà mìíràn, òun ni wọ́n fi odi amọ̀ ṣojú fún.

Àwọn kan wà ní London tí wọ́n mọ̀ pé àtẹ náà kò pé. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára wọn, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tó ti kàwé ní St Andrew's ní Ọ̀yọ́ àti ní Fourah Bay kí ó tó wọ London lọ́dún 1922 láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Lọ́dún 1924, nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn ń fi ọ̀rọ̀ Wembley pa owó, Evening News kọ ọ́ pé jíjẹ ènìyàn àti oògùn ìkà wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà títí di àìpẹ́. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn West Africa láti tako ọ̀rọ̀ náà. Kò pẹ́ sí i ni Sunday Express tún gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ìfẹ́ àti ìgbéyàwó àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà nínú odi Wembley, lọ́nà tí ọmọlúàbí kò lè kà sókè níwájú ìyá rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Áfíríkà tó wà nílùú náà fi ẹ̀sùn rẹ̀ sùn. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀-ún, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyẹn kọ, ìkàn nìkan ni wọ́n wò, wọn kò bi oníkàn ní nǹkan kan.

Ìbínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí tọ́, síbẹ̀ mo ní iyèméjì díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ níwájú yín. Nígbà tí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà bá bínú pé ahunṣọ ni wọ́n fi ṣojú òun, kí ni ó ń bí i nínú gan-an? Ṣé bí àwọn èrò ṣe ń wo ahunṣọ náà ni, àbí pé wọ́n ka òun mọ́ ahunṣọ? Mo rò pé méjèèjì ló wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yìí fẹ́ kí ayé rí i pé a ní kóòtù, a ní yunifásítì lójú àlá wa, a ní aṣọ òyìnbó. Ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀ sí àwọn ará ilé tó jókòó síbi òfì. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu nípa Ṣólàńkẹ́ ni pé kò dúró síbi ìtìjú yẹn. Bó ti ń kọ́ òfin ló ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní Yorùbá, lọ́dún 1924 yìí kan náà ni ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó sọ èdè Yorùbá lórí rédíò. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pe rédíò. Ọba ti sọ tirẹ̀ nínú rẹ̀ ní oṣù kẹrin. Kí ọdún tó yí, ọmọ Ẹ̀gbá kan ti sọ tiwa.

Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jamaica tó jẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́ Marcus Garvey, wà ní London nígbà náà, ó ka lẹ́tà Ṣólàńkẹ́, ó sì wá a rí. Láti inú ìpàdé wọn ni Nigerian Progress Union ti jáde lọ́dún 1924, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Herbert Bankole-Bright, dókítà ará Sierra Leone, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì dá WASU sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (West African Students' Union). Ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa. Ìpàtẹ Wembley, tí wọ́n ti pa dé ní oṣù kọkànlá ọdún 1924, ni wọ́n tún ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 1925, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni ó sì kógbá sílé pátápátá. Nígbà tí WASU ń ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ rẹ̀, ọjà náà ṣì wà lórí àtẹ.

Ọjà náà kò jèrè. Nǹkan bí mílíọ̀nù 27 ìgbà ni ènìyàn gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé láàrin ọdún méjèèjì, síbẹ̀ gbèsè ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ilé rẹ̀ fún àwọn awólétà. Ẹni tó jèrè jù níbẹ̀ ni Arthur Elvin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta tábà nínú ìsọ̀ kékeré nínú ọgbà náà. Ó ń ra àwọn ilé tí kò wúlò mọ́, ó ń wó wọn, ó ń ta àlòkù wọn, títí tó fi rówó ra pápá ìṣeré náà lọ́dún 1927. Odi amọ̀ wa bá ìyókù lọ. Ààfin Iléeṣẹ́ pẹ́ díẹ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n tó wó èyí tó kù nínú rẹ̀.

Ṣólàńkẹ́ ní tirẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun lọ́dún 1929. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ìlú dé ìlú, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọba, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá lè fún un, nítorí pé onílé kì í fẹ́ gba ọmọ aláwọ̀ dúdú sílé ní London. Lọ́dún 1933, WASU ṣí ilé kan sí Camden Road. Ọmọ Èkó, ọmọ Kumasi tàbí ọmọ Freetown tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lè sùn níbẹ̀, kó se oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀, kó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn di òru, láìsí ẹni tó san ṣílè kan àti sísì láti wá wò ó.